Ìgbà Wo Ni Kí N Pààrọ̀ Káàdì Géèmù Mi?

Ìbéèrè: Surulere ni mo ń gbé. Káàdì GTX 1060 oní-6GB ni mo fi ń gbá géèmù, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká àwọn tuntun mọ́. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, káàdì tí ó ti jáde láti ọdún 2016, tí ó sì ń sìn ọ́ títí di òní, kò yẹ ní ohun tí a ń kọ̀ sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà, kí o tó di owó mọ́wọ́ gba ọ̀nà Computer Village n'Íkẹjà, tú àpótí kọ̀ǹpútà náà, gbọn ekuru kúrò lára fáànù, kí o sì pààrọ̀ ọ̀dà atu-ooru (thermal paste) tí ó ti gbẹ lórí ṣíìpù káàdì náà, nítorí pé ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ooru lásán a máa sọ káàdì alágbára di ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn èyí, dín bí àwòrán géèmù ti fẹ̀ tó (resolution) kù: bí géèmù bá yá sí i, káàdì ni ó ń fà, bí kò bá yá, a jẹ́ pé CPU ni ó ti rẹ̀, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ẹ̀bi bá já sí ti káàdì, RTX 3060 oní-12GB ni èmi ìbá rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wáàtì 170 ni ó ń jẹ, tí tìrẹ ń jẹ 120. RTX 4060 tí ó jáde ní ọdún 2023 kò gbà ju 115 lọ, ìńfátà rẹ yóò sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n 8GB rẹ̀ kò ní pẹ́ kún. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ṣọ́ra: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti jáwọ́ nínú fífi káàdì wa owó, ọ̀pọ̀ èyí tí a ti lò tọ̀sán-tòru ni ó ti bọ́ sọ́jà. Jẹ́ kí oníṣòwò fi káàdì náà gbá géèmù lójú rẹ títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa, kí o tó ka owó.