Kí O Tó Kó Ọmọ Ogun Balẹ̀ Sórí Ayé Ẹlòmíràn

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo gbọ́ pé ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá Stellaris, géèmù ìjọba ojú ọ̀run, inú mi sì dùn gan-an, nítorí mo fẹ́ kí àwa obìnrin pọ̀ nídìí géèmù yìí. Ọ̀rọ̀ ìjà kọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ ogun, bí wọ́n ṣe ń yan ohun ìjà, fídíò rẹ̀ kún YouTube. Ohun tí mo fẹ́ sọ sí ọ létí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì ogun: o ti borí, àsíá rẹ ti wà lórí pílánẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, àwọn onílé sì wà nínú ilé wọn síbẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ bá wọn gbé?

Ní 1993, nígbà tí Alan Emrich ń kọ̀wé nípa géèmù Master of Orion nínú ìwé ìròyìn Computer Gaming World, òun ló fún irú géèmù yìí lórúkọ tí a ṣì ń pè é títí dòní, 4X. Ìṣàwárí, ìmúgbòòrò, ìkórè àti ìparun ni X mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún. Ìṣèjọba kò sí níbẹ̀, ó sì ń dùn mí. Nínú Stellaris, tí ilé iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìṣèjọba ló ń sọ bóyá ohun tí o gbà yóò dúró sí ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí o tó kéde ogun, tẹ pílánẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ wà lára rẹ̀, kí o fara balẹ̀ ka ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀ kó tó sanwó. Ẹ̀yà wo ló ń gbé ibẹ̀? Irú ojú ọjọ́ wo ni ara wọn gbà? Kí ni wọ́n gbà gbọ́? Mo ní kí o wo ojú ọjọ́ nítorí pé ẹ̀yà tó mọ ilẹ̀ yìnyín gbé lè bá ọ tẹ àwọn ayé dídì dó, èyí tí ara àwọn ènìyàn tìrẹ kò lè gbà. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, ó ju gbogbo ohun tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ní ti ìgbàgbọ́, má fojú fò ó. Bí ìjọba rẹ bá jẹ́ ti aláṣẹ kan ṣoṣo, tí àwọn tí o ṣẹ́gun sì gbà pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn, wọn kò ní jọ̀wọ́ ìgbàgbọ́ náà nítorí pé o ṣẹ́gun wọn. Wọn á gbé e wọ inú ìjọba rẹ, wọn á wọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà á sì máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Influence, agbára àṣẹ inú géèmù náà, lo sì máa ná kí o tó lè sọ pé ìràwọ̀ ẹlòmíràn tọ́ sí ọ, influence kì í sì í ya wọlé. Ibi tí o mọ̀ pé o lè ṣàkóso ni kí o ná an lé.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun rẹ bá ti yí pílánẹ́ẹ̀tì náà ká, wọn á máa rọ̀jò àdó olóró lé e. Ìwọ lo máa sọ bí òjò náà ṣe máa le tó. Yan selective, èyí tó rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń falẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ọ láti yan indiscriminate kí àwọn tó ń ṣọ́ ìlú lè tètè tán. Ṣùgbọ́n ilé tí o bá fọ́, ìwọ náà ni wàá tún un kọ́. Ẹni tó bá sì kú kò ní ṣiṣẹ́ fún ọ láé. Ó sàn kí o kó ọmọ ogun tó pọ̀ wá, kí wọ́n balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ tán. Rántí pẹ̀lú pé pílánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ogun rẹ wà lórí rẹ̀ kò tíì di tìrẹ, àfi bí àlàáfíà bá dé. Àárẹ̀ ogun ń gòkè lọ́dọ̀ ìwọ àti ọ̀tá rẹ. Bí tìrẹ bá pé 100, lẹ́yìn oṣù 24, ọ̀tá lè fi dandan mú ọ gba àlàáfíà.

Àlàáfíà ti dé báyìí. Dá eré dúró. Bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó ń lé ọ. Ṣí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun náà, kí o wá nọ́ńbà tí wọ́n pè ní stability. 50 ni àárín. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn á máa lé sí i. Bó bá lọ sílẹ̀, á máa dín. Bó bá fi lè bọ́ sábẹ́ 25, ọ̀tẹ̀ ń bọ̀. Inú àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun kì í dùn fún ọdún mélòó kan, sùúrù nìkan ló sì mọ ìyẹn. Ìyókù wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé ilé tó wọn gbé? Ṣé iṣẹ́ wà? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gba ìlú, wọ́n á wó gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ irú tiwọn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí kò níṣẹ́, tí ìlú rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, kí lo rò pé ó máa ṣe? Fi ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Kọ́ ilé ìwòran fún wọn ná, kí ohun amáyédẹrùn lè tó wọn lò. Bí ìwà ọ̀daràn bá ń pọ̀, kọ́ ti àwọn agbófinró tẹ̀ lé e. Kí o sì yan ajẹ́lẹ̀ tó dáńtọ́ lé wọn lórí.

Ojú ewé tó kàn ni mo ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo géèmù náà: ẹ̀tọ́ ẹ̀yà. Ibẹ̀ ni wàá ti sọ bóyá àwọn ènìyàn yìí á jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí àlejò tí a gbà láyè, tàbí ẹrú, tàbí ẹni tí o kò fẹ́ rí mọ́. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ẹrú ń mú èrè wá. Mo bẹ̀ ọ́, má yàn án. Àwọn ọmọ ìyá wa ni wọ́n kó lẹ́rú dé Bahia àti Cuba. Èmi kò lè fi ìyẹn ṣeré. Sọ wọ́n di ọmọ onílùú, kí ìgbé ayé wọn sì bá ti àwọn ará ilé dọ́gba. Ọjà tí wọ́n ń lò á pọ̀ sí i lóòótọ́, ìnáwó á sì ga, ṣùgbọ́n ọkàn wọn á rọ̀, stability á gbéra, ọmọ ogun tí ì bá máa ṣọ́ wọn á sì ráyè lọ síbòmíràn. Òfin àwọn ìjọba tó kórìíra àjèjì gidigidi kò gba èyí, nítorí náà má fi irú wọn bẹ̀rẹ̀ eré bó bá jẹ́ pé o fẹ́ gba ayé tí ènìyàn ń gbé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ agogo méjì òru o. Ojú tí oorun ń kùn kì í rí nọ́ńbà tó ń já sílẹ̀. Bí ogun bá parí lóru, fi eré náà pamọ́, lọ sùn, kí o tún ìlú tò lówùúrọ̀.

Bí àwọn ayé tí ojú rẹ wà lára wọn bá wá pọ̀ ju èyí tí o lè tọ́jú lọ, má gbà wọ́n rárá. Bí pílánẹ́ẹ̀tì àti ènìyàn rẹ ṣe ń pọ̀ ni ìmọ̀ tuntun ń wọ́n sí i fún ọ. Jẹ́ kí ọba wọn wà lórí oyè, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ. Láti ìgbà tí àfikún géèmù náà tó ń jẹ́ Overlord ti jáde ní 2022, ìwọ àti ọba náà lè jọ kọ àdéhùn yín lọ́kọ̀ọ̀kan: iye ìṣákọ́lẹ̀, bóyá wọ́n á bá ọ jagun, bóyá o lè gbé wọn mì lọ́jọ́ iwájú. Èmi máa ń gba kékeré. Ẹni tí o bá fún lọ́rùn jù, ọjọ́ tí ọ̀tá bá ká ọ mọ́ ló ń dúró dè.

Ó wá ku àwọn ayé tí ọkàn mi fà sí jù lọ, àwọn tí ará ibẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń ti ìràwọ̀ kan dé òmíràn. Nígbà mìíràn, ilé ayé tiwa yìí gan-an lo máa bá pàdé, tí wọ́n ń ja Ogun Àgbáyé Kejì lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀ pé o ń wo àwọn. Gbé ibùdó ìṣọ́ sókè wọn, kí o máa kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Bó bá yá, fi ìmọ̀ rẹ hàn wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí àwọn náà á fi lè wọ òfuurufú. Wọ́n á wá sábẹ́ rẹ láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ọmọ ogun díẹ̀ lè gba irú ìlú bẹ́ẹ̀ wéré, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n pè mí kí o tó rán wọn lọ, kí a jọ wo ibi tí àwọn ènìyàn náà máa gbé, iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, àti ẹni tí o fẹ́ fi jẹ ajẹ́lẹ̀ wọn.