Ibi Pẹlẹbẹ Ọ̀ọ̀lẹ̀ àti Ìwé Ìtàn Àwọn Ará Japan

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ẹni tí ó ti jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ rí kò ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó gbé òwe náà wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí ojú mi rí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, olùkọ́ àgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní àwọn náà fẹ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú máńgà, ìwé ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Japan tí àwọn ọmọ ilé wọn ń tìtorí rẹ̀ gbàgbé oúnjẹ lórí iná. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, sáré gbé One Piece lé wọn lọ́wọ́, ìtàn tí Eiichiro Oda bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, tí apá rẹ̀ ti lé ní 100, tí kò sì tíì parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i láti ọwọ́ òsì bí ẹni ṣí Bíbélì, wọ́n sì já sí ẹ̀yìn ìtàn, níbi tí èsì ti ń ṣáájú ìbéèrè, nítorí ọmọ náà kò sọ fún wọn pé láti ọwọ́ ọ̀tún ni ìwé ọ̀hún ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé àwòrán òkè lápá ọ̀tún ni ojú kọ́kọ́ ń bà lé, kí ó tó rìn sí òsì, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní: "Àbúrò mi, orí mi kò gbé èyí."

Ó dùn mí wọ inú egungun. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìwé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni a ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò? Nínú Weekly Shonen Jump, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí a ń tẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, ni ìtàn Oda ti ń jáde, àwọn òǹkàwé a sì máa sọ èyí tí ó wù wọ́n. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ràn a gùn, èyí tí wọn kò bá fẹ́ a kú ní rèwerèwe. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ẹ béèrè ẹni tí a kọ ìwé fún kí ẹ tó rà á, nítorí ti ọmọdé wà, ti ọ̀dọ́mọbìnrin wà, ti àgbà náà wà. Ẹ béèrè bóyá ó ti parí. Apá kan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá kà á tán tí ọkàn yín kò fà sí èkejì, ẹ fi tọrẹ, ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tí yóò ní ó ń bọ̀ wá dùn ní apá kẹwàá.

Mo wá gbé ibi pẹlẹbẹ tèmi lọ: The Walking Man ti Jiro Taniguchi, ìwé kan péré tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, nípa ọkùnrin kan tí ń rìn kiri àdúgbò rẹ̀, tí ó ń wo ẹyẹ, tí ó ń gun igi. Mo fẹ́ràn ìwé náà bí ojú. Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán, wọ́n ní: "Kí ni ọkùnrin yìí ń wá kiri?"

Ni wọ́n bá na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò mi, níbi tí mo fi Barefoot Gen pa mọ́ sí, ìtàn alápá 10, èyí tí mo rò pé ó wúwo jù, nítorí Keiji Nakazawa tí ó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà tí àdó olóró átọ́míìkì balẹ̀ sí Hiroshima ní 1945, tí ó sì mú bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, bàbá kan ń sọ̀rọ̀ àlìkámà fún àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà òtútù tí ó tún ta gbòǹgbò, tí ó dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àgbẹ̀ paraku, fi ìka lé àwòrán náà, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Ọ̀ọ̀lẹ̀ inú abọ́ ni àwọn tí wọ́n pa òwe náà ń wò, gbogbo ojú ni ó sì rí ibi tí ó ti tẹ́. Èmi wo ìwé, n kò wo ẹni tí yóò kà á. Apá kejì Barefoot Gen ni ẹ̀gbọ́n mi wà báyìí, níbi tí ọmọkùnrin inú ìtàn náà ti ń wá ìrẹsì kiri fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìyókù fún àwọn.