Ẹ Gun Àtẹ̀gùn Ilé Ọtí: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Lámèyítọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ eré ní Lọ́ńdọ̀nù, mo mọ ibi tí ọkàn yín wà. Gbọ̀ngàn Olivier ní National Theatre ni ẹ ń wò, níbi tí àga ti lé ní 1,000. Ẹ ó dé ibẹ̀. Àmọ́ òkè ilé ọtí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rán yín lọ.

Finborough Theatre wà ní Earl's Court, lókè ilé ọtí Finborough Arms. Láti 1980 ni wọ́n ti ń ṣeré níbẹ̀, àga 50 péré ló sì gbà. Theatre503 wà lókè ilé ọtí Latchmere ní Battersea, òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. King's Head ní Islington ṣáájú wọn: ní 1970 ni Dan Crawford sọ yàrá ẹ̀yìn ilé ọtí kan di ilé eré. Bush náà, òkè ilé ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972, kó tó kó lọ sí ilé ìkàwé àtijọ́ kan ní Uxbridge Road ní 2011. Fringe ni wọ́n ń pe irú tíátà báyìí. Edinburgh ni orúkọ náà ti wá, níbi tí ẹgbẹ́ òṣèré mẹ́jọ ti lọ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjọ̀dún ńlá ìlú náà ní 1947 láìsí ẹni tó fìwé pè wọ́n. Mo-gbọ́-mo-yà ni gbogbo wọn. Lónìí, àwọn mo-gbọ́-mo-yà ti pọ̀ ju àwọn tí wọ́n pè lọ fíìfíì.

Ẹ tètè dé o. Ìwà ọmọlúàbí nìkan kọ́ ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yàrá wọ̀nyí, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ẹni tó bá pẹ́ sì ní láti gba orí ìtàgé kọjá kó tó rí àga. Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún un, wọn ò sì jẹ̀bi. Àga kì í sábà ní nọ́ńbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń mú èyí tó wù ú. Ẹ má mú ti iwájú, bírò yín á gba ojú òṣèré. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, lápá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ ti lè máa fojú ẹ̀gbẹ́ wo àwọn òǹwòran, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí ẹ máa kọ, ojú wọn ni ẹ ó ti rí i. Ẹ mú jọ́tà kékeré dání, kí ẹ sì pa fóònù, torí iná rẹ̀ nínú òkùnkùn ibẹ̀, gbogbo ilé ni yóò rí i. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láìwo ìwé. Tí ẹ ò bá lè ka ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ èyí tí ẹ rántí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ẹyọ kan ni kí ẹ gbà. Bí lámèyítọ́ márùn-ún bá mú ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan dání, àga 10 ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú 50, ìdá kan nínú márùn-ún owó alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣeré níbẹ̀ ló ń fúnra wọn háyà yàrá. Èrè tó bá ṣẹ́kù ni àwọn òṣèré ń pín, kì í sì í sábà ṣẹ́kù. Àwọn tí ẹ ń wò yẹn, ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ nídìí káńtà ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ kó tó wá wọ aṣọ ọba.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò gan-an ni bí wọ́n ṣe fi àìní ṣọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi òkú ṣàpẹẹrẹ. Lórí ìtàgé ńlá, òṣèré tó bá kú ti kú nìyẹn; ó ń mí lọ́hùn-ún, ta ló rí i? Nínú yàrá tí bàtà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká òkú, ẹ ó rí ikùn tó ń lọ sókè sódò, ẹ ó rí ìpéǹpéjú tó ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́ lámèyítọ́ á ti fi ẹ̀rín sẹ́nu, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ń mí. Òkú wo ni kì í mí ní tíátà? Ọgbọ́n tí olùdarí dá sí i ni kó kọ. Ṣé ó jẹ́ kí òkú kọ ẹ̀yìn sí wa? Ṣé ó ti rọra dín iná ibẹ̀ kù? Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí ni ti ọmọbìnrin kan tó ṣe opó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo òkú ọkọ rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, ó sì dojú bolẹ̀ lé e láyà. Bí àyà ọkùnrin náà ti ń gòkè ni èjìká obìnrin náà ń mì, ni èémí òkú bá di ẹkún opó. Obìnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ń nu ojú. Gbọ̀ngàn ńlá ò lè ṣe irú ìyẹn, torí kò sí ẹni tó máa rí èémí náà níbẹ̀ rárá.

Ariwo náà, bákan náà ni. Ilé ọtí wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá gbá a sáwọ̀n, igbe á gun àtẹ̀gùn wá bá ọba tó fẹ́ gbé májèlé mì. Ojú òṣèré ni kí ẹ wò nígbà náà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á gbóhùn sókè láti bá ariwo jà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dúró, á jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ á wá bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e.

Ní 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Mountaintop, eré Katori Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, ní Theatre503. Òṣèré méjì, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Memphis, alẹ́ tí Martin Luther King lò kẹ́yìn láyé. Eré náà bá yàrá mu. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí West End, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Olivier fún eré tuntun tó dára jù lọ ní 2010. Ẹ má wá torí ìyẹn máa wá èyí tó máa di ńlá kiri o. Òkè ilé ọtí náà ni ọ̀pọ̀ eré ń parí sí, kò sì dín iyì wọn kù.

Ó wá ku ti àwọn ọmọ wa. Tiata Fahodzi, ẹgbẹ́ tí Femi Elufowoju dá sílẹ̀ ní 1997, ṣe The Gods Are Not to Blame ti Ola Rotimi ní Arcola, ní Dalston, ní 2005. Ní 2007, yàrá kékeré tó wà lókè ní Royal Court ni Bola Agbaje ti gbé Gone Too Far! jáde: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, ọ̀kan dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ti Nàìjíríà dé, ìyá wọn rán wọn lọ ra mílíìkì. Ó gba Olivier lọ́dún kejì. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá dé àdúgbò yín, ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí kò sí lọ́wọ́ òyìnbó ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ bóyá oríkì tí òṣèré ki dún létí tàbí ó kàn há a sórí. Ẹ kọ ọ́. Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí Yorùbá jáde, ẹ sì wo ẹni tó ń wojú aládùúgbò rẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá wọ́, ẹ sọ pé ó wọ́. Ẹni tó ka ìwé yín, tó fowó oúnjẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ wa lòun náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rín alẹ́ tí wọ́n ń pe oníròyìn. Ìyá òṣèré wà níbẹ̀, àfẹ́sọ́nà olùdarí wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi dùn wọ́n.

Lẹ́yìn eré, kò sí ọ̀nà míì ju àárín ilé ọtí lọ, ibẹ̀ sì ni òṣèré máa ti bá yín, òógùn ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, tó ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ ní “Ẹ kú iṣẹ́ o,” kí ẹ sì máa lọ. Kò sí ìdájọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Bí ẹ bá jókòó láti kọ ọ́, ẹ ṣí ìwé ètò eré. Orúkọ kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró, kó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ẹ dárúkọ onítọ̀hún, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ bó bá jẹ́ tiwa. Ẹ má fi ọ̀bẹ tí ẹ fi ń gé àgbà òǹkọ̀wé gé ọmọ tó ń ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ má sì purọ́ fún un. Ọ̀sẹ̀ tí eré máa parí, ẹ fi owó ara yín ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tún lọ wò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí èrò. Eré máa ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bó bá ti yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kọ nípa rẹ̀, ẹ bẹ olóòtú yín fún ìpínrọ̀ kan sí i. Ó lè kọ̀. Ẹ ṣáà béèrè.