Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ oníkápúsù po kọfí Kabba nílé

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, tí àwọn ọmọ wa tó wá láti Lọ́ńdọ́nù àti Amẹ́ríkà bá ti padà, ẹ wo orí àpótí aṣọ nínú yàrá ìyá wọn. Ẹ ó rí páálí kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kékeré dúdú kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kọfí ni. Kápúsù mẹ́wàá tàbí ogún tó bá a wá ti tán kí oṣù kìíní tó parí, mi ò sì tíì rí ìsọ̀ kan lọ́jà Kabba tí wọ́n ti ń tà á. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń padà sínú páálí nìyẹn, tí ọdún á fi yí po lórí rẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí ohun tó yẹ ká máa rọ sínú rẹ̀ wà lóko wa níhìn-ín.

Kọfí tí à ń gbìn ní Kabba, ní Bùnú àti ní Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, Robusta ni. Ilẹ̀ wa kò ga tó òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí Arabica ti ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Robusta ò kọ ooru. Ó korò ju Arabica lọ, kaféènì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn ará Ítálì tó bẹ̀rẹ̀ espresso, kọfí kékeré tó lágbára, kì í fojú kékeré wò ó: ọ̀pọ̀ wọn ló ń dà á pọ̀ mọ́ Arabica, torí òun ló ń jẹ́ kí ìfófòó tó nípọn, tó pọ́n bí oyin, jókòó sórí ife. Ní ti títà rẹ̀, láti 1977 ni Ìgbìmọ̀ Kòkó Nàìjíríà ti ń bójú tó kòkó, kọfí àti tíì. Lọ́dún 1986 ni ìjọba tú u ká pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ irè oko yòókù, ẹni tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àgbẹ̀ sì di ẹni tí à ń wá kiri. Ọdún 1986 yẹn náà ni Nestlé dá Nespresso sílẹ̀ ní Switzerland, láti máa ta kọfí inú kápúsù. Mo máa ń rántí ọdún yẹn nígbàkigbà tí mo bá rí oko kọfí tí igbó ti bò, tí igi rẹ̀ ṣì ń so síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Eric Favre, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Nestlé, ló ronú rẹ̀, 1976 ni wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Kápúsù yẹn dà bí kápúsù oògùn lóòótọ́: kọfí lílọ̀ tó tó gíráàmù márùn-ún ni wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè bà á jẹ́. Bí ẹ bá ti ọwọ́ irin orí ẹ̀rọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á lu kápúsù náà. Omi gbígbóná á gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú agbára, á sì ti kọfí jáde ní òdìkejì. Agbára yẹn kì í ṣe kékeré. Báà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju báà méjì ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n espresso ń fẹ́ bíi báà mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí sì ní pọ́ǹpù tó lè tì í dé mọ́kàndínlógún. Ìdí nìyẹn tí omi kẹ́tùlù tí a kàn dà lé kọfí lórí kò fi lè fún wa ní irú ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fúnni.

Bí ọmọ yín ò bá tíì rà á, ẹ sọ irú èyí tí ẹ fẹ́ fún un. Irú méjì ló wọ́pọ̀ lára ti Nespresso. Original ni àkọ́kọ́, èyí tó ń fi pọ́ǹpù ti omi; kápúsù rẹ̀ kéré, ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe èyí tó bá a mu, títí kan èyí tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, tí a lè máa rọ kọfí sí léraléra. Vertuo ni ìkejì. Ìyẹn ń ka àmì tó wà létí kápúsù, á sì máa yí i bìrí kí kọfí tó jáde. Ó dára fún ẹni tó ń gbé ibi tí wọ́n ti ń ta kápúsù rẹ̀; fún àwa tó fẹ́ rọ kọfí oko wa sínú rẹ̀, Original ni kí ẹ béèrè, pẹ̀lú kápúsù onírin méjì tàbí mẹ́ta.

Iná ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹ dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n rà ní Bìrìtéènì á sọ pé 220 sí 240 fóòtì. Ìyẹn bá iná wa mu, orí oníka mẹ́ta rẹ̀ pàápàá bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà á sọ pé 120. Èyí tí àbúrò mi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀hún, mi ò wo ìdí rẹ̀ kí n tó kì í bọ iná. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé ìdáná, kò sì tún tàn mọ́ títí di òní. Tí ti Amẹ́ríkà bá jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110, kí agbára rẹ̀ tó 2,000 wáàtì, nítorí ẹ̀rọ yìí ń fa bíi 1,200 sí 1,500 wáàtì nígbà tó bá ń gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000 wáàtì ò lè gbé e. Á kàn máa mí hẹlẹ ni. Ìnfátà 2kVA lè gbé e bí bátìrì bá kún, torí ìgbóná náà kì í ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má fi wáyà ẹsitẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ fà á. Bí iná bá sì ń ṣe bàìbàì bí àtùpà, ẹ ní sùúrù títí yóò fi dára.

Omi mímọ́ ni kí ẹ lò, kó tutù, kó sì jẹ́ ti ọjọ́ náà. Píọ̀ wọ́tà dáa. Bí ti kànga tàbí bohóòlù lẹ bá fẹ́ lò, ẹ wo ìdí kẹ́tùlù yín: bí ohun funfun bá ti le mọ́ ọn níbẹ̀, irú rẹ̀ náà ni yóò máa lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, ẹ ó sì máa fọ ọ́ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lò ó, ẹ ṣan táǹkì, ẹ rọ omi kún un, ẹ gbé ife ńlá sábẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi lásán gba inú rẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìfi kápúsù sí i. Bí pọ́ǹpù bá ń ké tí omi ò jáde, afẹ́fẹ́ ló wọlé. Ẹ tẹ táǹkì náà mọ́ ibi tó jókòó sí, kí ẹ tún bọ́tìnnì tẹ̀.

Bí ẹ bá ní kápúsù tí wọ́n rà, iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ, iná ara bọ́tìnnì á máa ṣẹ́jú. Bó bá dúró sójú kan, omi ti gbóná nìyẹn. Ẹ fi omi lásán ṣan ife lẹ́ẹ̀kan kí ife náà lè gbóná, torí espresso kò pọ̀, ife tútù á sì pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ irin sókè, ẹ ju kápúsù sí i, ẹ tì í padà sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Kékeré á fún yín ní bíi 40 mìlílítà, ńlá á fún yín ní 110. Ti kékeré ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀ kó bu omi gbígbóná là á nínú ife, nítorí kápúsù kan náà tí omi púpọ̀ bá gba inú rẹ̀, ìkorò ìkẹyìn ló máa fà jáde.

Wàyí o, kọfí tiwa. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti sá gbẹ, tí wọ́n sì ti gún èèpo rẹ̀ kúrò. Ẹ dà á sórí atẹ kí ẹ ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò lu, òkúta, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kó dànù. Ẹ má ṣe yára níbí. Hóró kan tó ti bu lè ba ife kan jẹ́.

Ìta ni kí ẹ ti yan án, torí èéfín rẹ̀ pọ̀. Ìkòkò irin tó nípọn, iná tí kò le jù, ọmọrogùn, ó tán. Ẹ má dà á kún ìkòkò. Kó kàn bo ìdí rẹ̀ ni. Ẹ máa rò ó láìdúró. Á kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, á máa ta òórùn bíi koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà òórùn búrẹ́dì. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa ta pá, pá, bíi gúgúrú. Ẹ má sọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Robusta tí kò jinná dáadáa a máa ní adùn igi. Ẹ jẹ́ kí títa yẹn rọlẹ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta sí i, kí ara rẹ̀ dúdú bí igi ìrókò àtijọ́ ṣùgbọ́n kí epo má tíì yọ. Bí ẹ bá gbọ́ títa ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti ń pẹ́ jù nìyẹn. Ẹ yára dà á sórí atẹ, ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ títí yóò fi tutù, ìyàngbò á sì fò kúrò. Ẹ má lò ó lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà jáde; ẹ fi í sínú agolo tí ẹ kò dé pa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó wá dé e pinpin.

Lílọ̀ rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata. Kọfí ń fa òórùn mọ́ra, ata àti irú tó wà lára ẹ̀rọ yẹn á bá yín délé. Ibi gbígbẹ lára bílẹ́ńdà ilé ni kí ẹ lò, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gbóná, tàbí kí ẹ gún un nínú odó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ fi asẹ́ kù ú. Ohun tí ẹ ń wá kò gbọdọ̀ kúnná bí èlùbọ́, kò sì gbọdọ̀ rí wóróworo bíi gàrí. Iyọ̀ tó kúnná ni kó jọ lọ́wọ́ yín. Kìkì èyí tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà ni kí ẹ lọ̀.

Ẹ bù ú sínú kápúsù onírin kó dọ́gba pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ nu etí rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó dé e. Hóró kan ṣoṣo létí yẹn tó kí omi máa gba ẹ̀gbẹ́ sá. Tí gíráàmù márùn-ún bá ń lọ sínú ife kan, kílò kan kọfí yíyan á fún yín ní igba ife, bẹ́ẹ̀ oko tí ẹ ti rà á kò ju ìrìn ọ̀kadà kan lọ.

Ife àkọ́kọ́ á sọ ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Bí kọfí bá ń tú jáde yàà, tó funfun lójú, tó sì ń kan lẹ́nu, lílọ̀ rẹ̀ ò kúnná tó tàbí kò kún tó. Bó bá ń kán tó, tó, tí ẹ̀rọ ń kérora, ó kúnná jù tàbí ẹ tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ pa á kíákíá, kí pọ́ǹpù má bàa bàjẹ́. Èyí tó bá ṣàn bí oyin tẹ́ẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá ogún sí ọgbọ̀n, tí ìfófòó pupa sì bo ojú rẹ̀, òun lẹ ń wá. Ó gbà mí ní ife mẹ́fà kí n tó rí i. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ yọ wáyà, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ irin sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi gbígbóná ṣì há sínú.

Mílíìkì kò gbọdọ̀ wọ táǹkì láé. Ẹ gbé mílíìkì inú agolo kaná lọ́tọ̀, kí ẹ dà á sínú ife. Robusta lágbára tó láti gbé e. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà tàbí tí oorun ń dà láàmú kó má mu ú lálẹ́, ife kan láàárọ̀ tó o.

Lójoojúmọ́, ẹ da omi àti kápúsù tó ti jábọ́ sínú àpótí rẹ̀ nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aáyán á kó síbẹ̀, á sì bu. Kápúsù onírin, ẹ fọ̀ ọ́ kí ìdọ̀tí tó gbẹ mọ́ ihò rẹ̀. Pàǹtí kọfí dára nídìí ewébẹ̀. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi oògùn tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ kọfí fọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan dípò rẹ̀: ti ọsàn ní ihàhá tó lè dí ojú ọ̀nà, ọtí kíkan lè ba rọ́bà inú ẹ̀rọ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ táǹkì méjì gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì tọ́ omi tó jáde kẹ́yìn wò. Bó bá ṣì ń kan lẹ́nu, ẹ fi táǹkì kẹta sí i.