Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Dárúkọ Ọmọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà. Obìnrin kan wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Òkè-Àdó nítorí kò rí oorun sùn. Ará Ìlú Ọba ni. Ọmọ Ìbàdàn ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta ti kú láti oṣù mẹ́rin. Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun mọ ojú oórì ọmọ òun, wọ́n sì ti kó aṣọ àti àwòrán rẹ̀ lọ. Èmi náà, láìronú, mo ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ó gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé omi ni ọmọ mi?" Ojú tì mí.

Ìtùnú ni òwe yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì ọmọ, kí ọgbẹ́ má baà máa ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tirẹ̀, òdòdó ni wọ́n ń gbé lọ sí ojú oórì. Ohun tí a fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ dà bí ìyà lójú rẹ̀. Nígbà tó yá ni ọkọ wá. Ẹ̀fọ́rí ló bá òun wá. Kò sunkún lójú ìyàwó rẹ̀ rí, ìyàwó sì rò pé ó ti gbàgbé.

Yorùbá kì í kúkú gbàgbé ọmọ. Àwọn ìyá wa ń wẹ ère ìbejì, wọ́n ń wọ̀ ọ́ láṣọ, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Kí la tún ń sọ ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún sí?

Ẹ rántí Dàmilọ́lá Taylor, ọmọ tí a bí ní Èkó, tí wọ́n pa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá, 2000, nígbà tó ku ọjọ́ 10 kí ó pé ọdún 11. Richard àti Gloria, àwọn òbí rẹ̀, kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ ní ìlú àjèjì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe Ọjọ́ Ìrètí. Gloria kú ní 2008, Richard ní 2024. Wọ́n ṣì ń pe orúkọ ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó di aṣọ ọmọ, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè. Bí ọmú bá kún ìyá tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, kí ó fún díẹ̀ jáde kí ara lè tù ú, kí ó sì fi aṣọ tútù lé e. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ yòókù pé ó rin ìrìn àjò. Wọn yóò máa retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ má ra oògùn oorun fúnra yín. Bí ẹni náà bá ní òun fẹ́ tẹ̀lé ọmọ lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Àwòrán ọmọ náà ti padà sí pálọ̀ wọn. Bí ìyá ọkọ bá wọlé, kì í wo apá ibẹ̀. Ìyàwó kò sì bínú sí i mọ́.