Ẹ Má Bá Ara Tó Ń Yún Jà

Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àwọn tí awọ ara wọn tètè ń gbẹ ló kọ́kọ́ ń mọ̀. Inú ìgbọ̀nwọ́ á máa yún wọn, ẹ̀yìn orúnkún á le, á sì dúdú. Àwọn dókítà ń pè é ní eczema. Awọ ara ẹni tó ní in kì í di omi mú: omi inú rẹ̀ ń jáde, eruku àti ọṣẹ sì ń ráyè wọlé. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, òun àti ikọ́ fée. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ojoojúmọ́ ń mú kó rọlẹ̀. Lójú tèmi, ìjà tí à ń bá awọ ara náà jà ló ń ba nǹkan jẹ́ jù.

Ẹ pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi ara yín díẹ̀díẹ̀, ẹ má nù ún kíkankíkan, kí ẹ sì fi òrí pa ara láàárín ìṣẹ́jú 3. Òrí kì í fi omi kún ara. Omi tó ti wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kó lọ. Ìdí nìyí tí òrí tí a fi pa ara gbígbẹ kì í fi ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òrí tó ń ti Òkè Ògùn wá dára, Vaseline tí kò ní òórùn náà dára. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni; bí ọyẹ́ bá mú, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un.

Ẹ má fi kànìnkànìn bó o. Wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ wa dàgbà pé ìwẹ̀ tí kò bá ta ara kì í ṣe ìwẹ̀. Fún awọ ara yìí, ìpalára gbáà ni. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ni mo mọ̀ pé àwọn àgbà kò ní fẹ́ gbọ́: eérú wà nínú rẹ̀, eérú náà sì le fún ibi tó ti bó. Ẹ fi í mọ sí abíyá àti ẹsẹ̀. Ọwọ́ lásán àti ọṣẹ tí kò ta tó fún ìyókù.

Ẹ má da Dettol tàbí Izal sínú omi ìwẹ̀. Kì í wo eczema. Ó ń ta á ni.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Omi gbígbóná máa ń dùn mọ́ ara láàárọ̀ ọyẹ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ara á fi máa yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ mọ irú ara yíyún tó jẹ́ kí ẹ tó wá oògùn. Bó bá ń yún lóru jù, tó wà láàárín ìka ọwọ́, tí gbogbo ilé sì ń họ ara, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kúrúnà. Gbogbo ilé ló sì máa gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó rí roboto, tí etí rẹ̀ ga, lè jẹ́ làpálàpá. Ní abúlé tó wà létí odò tó ń ṣàn, eṣinṣin kéékèèké tó ń gé ènìyàn jẹ lè kó kòkòrò sí ara, kí ara máa yún fún ọdún púpọ̀. Oògùn ivermectin wà fún ìyẹn. Ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ṣèlérí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fún aráyé. Eczema ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pupa ní ara dúdú bó ṣe wà nínú ìwé òyìnbó. Ó máa ń dúdú, tàbí kó funfun bí eérú, pẹ̀lú kókó wínníwínní.

Ẹ má ra ìpara tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹnubodè ni a wà. Ọ̀pọ̀ ìpara ló ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọmọge arẹwà nìkan ló wà lára páálí rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí clobetasol, sítẹ́rọ́ọ̀dì tó lágbára gan-an nìyẹn. Ó lè pa ara yíyún náà lọ́jọ́ díẹ̀, ó sì máa ń bó ara, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bóra fi fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá pẹ́, awọ ara á fẹ́lẹ́, á máa là, bí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, ara yíyún náà lè padà wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá fi í pa làpálàpá, ṣe ló máa ń tàn kálẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì ní ṣeé dá mọ̀ mọ́.

Bí dókítà bá fún yín ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ìpara tí ẹ fún jáde, tó gùn láti orí ìka ìfábẹ̀lá àgbàlagbà dé oríkèé àkọ́kọ́ tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.

Ẹ má fi òróró ólífì pa á. Mo mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé lọ fún àdúrà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Àmọ́ ìwádìí tí Yunifásítì Sheffield gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ó ń dín agbára awọ ara kù, kódà lára ẹni tí kò ní eczema rí.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ṣe gàrí àti láfún, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ọwọ́ lẹ́yìn bíbó ẹ̀gẹ́, kí ẹ sì fi òrí ra á lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tó ń wà nínú omi ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè ṣe kó má là. Ẹ̀yin tó ń po sìmẹ́ǹtì náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́ yín lára.

Ẹ fọ aṣọ òkìrìká kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò dáadáa. Aṣọ òwú ló dára jù. Súwẹ́tà onírun kò yẹ kó kan ara lásán.

Ẹ gé èékánná ọmọ kúrú. Bó bá ń yún un, ẹ fi aṣọ tútù lé ibẹ̀ dípò kó máa họ ọ́.

Ẹ má gba ẹyin àti ẹja lẹ́nu ọmọ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun dáadáa, awọ ara rẹ̀ kò ní yára san.

Bí ojú eczema ọmọ bá ń ṣomi, tó ń ní èépá pupa rúsúrúsú, tàbí tí ibà wọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ìlaròó lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá gba kí wọ́n kọ ìwé ránṣẹ́, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ (FMC) wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta.

Ẹ má ya ọmọ sọ́tọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ará ilé, eczema kì í ràn. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó bá wọn jẹun, kó sì bá wọn ṣeré.