Ọdún Ń Bọ̀: Ẹ Má Yáwó Ṣe Ọ̀làwọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì nílé wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwa ọmọdé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ títí abọ́ tó ń lọ síta yóò fi tán nílẹ̀. Ìyá mi á to àwọn abọ́ tánganran sórí tábìlì, á bu ìrẹsì sí wọn, á fi ẹran méjì-méjì lé e, á fàwo dé e, á wá fi aṣọ dì í. Abọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín: ti Bàbá Alájì tó máa ń fún wa lẹ́ran Iléyá, ti ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ti télọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ déédéé. Obìnrin kan wà ládùúgbò tí òun àti ìyá mi kì í kí ara wọn. Abọ́ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dì. Abọ́ wọ̀nyẹn kì í sì í padà lófìfo: èyí á bá ìṣáná dé, èyí á bá ṣúgà dé, ọmọ tó gbé e lọ á sì rí owó ọdún fi sápò.

N kò rántí bàtà tí mo wọ̀ ní ọ̀kankan nínú àwọn ọdún yẹn. Mo rántí bí abọ́ náà ṣe ń gbóná mọ́ mi láyà.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ti ń ta nǹkan mìíràn fún wa, orúkọ ọ̀làwọ́ ni wọ́n sì fi ń tà á. Láti ìparí oṣù Bélú ni fóònù kì í ti í jẹ́ ká sinmi mọ́. Owó ọjà ti já wálẹ̀, ó ku wákàtí díẹ̀ kó tán! Black Friday tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjà yìí jẹ́ ọjọ́ kejì Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tí a kì í ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Iléṣà. Ọjà rẹ̀ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa, ọpẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò bá a wá. Lẹ́yìn náà ló kan apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn onírìbọ́ọ̀nù tí a ń gbé lọ fún ọ̀gá tí irú rẹ̀ ti kún ilé rẹ̀, aṣọ ẹbí ìdúpẹ́ ìparí ọdún, àti àríyá tí fọ́tò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ojú ayé. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀bùn ń lọ bá. Ẹni tó ní là ń fún. Ìyá tó ń dá gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò sí nínú orúkọ tí a kọ sílẹ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ ọdún fún ọmọ. Ìdùnnú ọmọ ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni bí agbára bá wà. Ṣe bí o ti mọ ni mò ń wí.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí owó ìnáwó yìí ti ń wá. Àwọn ayánilówó orí fóònù mọ̀ pé oṣù Ọ̀pẹ ni ọkàn wa kì í balẹ̀. Wọn kì í béèrè onídùúró, torí fóònù yín gan-an ni wọ́n fi ṣe onídùúró: àwọn kan nínú wọn á ní kí ẹ gba àwọn láyè láti wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹ yá ₦50,000. Wọ́n lè yọ èlé ṣáájú, kí ₦40,000 péré wọ àkáǹtì yín, kí wọ́n sì ní ₦50,000 lẹ ó dá padà lọ́sẹ̀ méjì. Ìdámẹ́rin owó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni wọ́n fi ṣèlé yẹn. Ẹ fi ọjọ́ kan pẹ́ o, àwọn kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín, sí àna yín, sí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, pé olè ni yín.

Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dógò ti èèyàn. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó, á máa bú tọmọdé tàgbà, adìẹ àti ewúrẹ́ tó bá kò ó lójú á di èyí tó pa jẹ, títí ará ilé yóò fi wá owó náà san. Ológò òde òní kò nílò ìjókòó. Inú àpò yín ló ń gbé.

Ní oṣù Ẹrẹ̀nà 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, já wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú àwọn ayánilówó orí fóònù yìí l'Ékòó. Lọ́dún yẹn náà ni àjọ yìí ṣòfin pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ sì wà lórí ìkànnì rẹ̀. Bó bá di túláàsì pé kí ẹ yáwó, bóyá ti ilé ìwòsàn, ẹ kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n torí ìrẹsì àti aṣọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹ tún ka ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń sanwó oṣù Ọ̀pẹ kí Kérésìmesì tó dé. Ẹni tó gbowó lọ́jọ́ 20, tí kò ní rí òmíràn títí di ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ 42 ló fẹ́ fi owó kan náà jẹun. Àárín rẹ̀ sì ni iléèwé ń wọlé, tí wọ́n á ní kí ọmọ lọ mú owó wá.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bù kún, tí ẹ fẹ́ fún èrò púpọ̀ lẹ́bùn, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ 2024, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà Islamic High School, Bàṣọ̀run, ní Ìbàdàn wa yìí, níbi tí wọ́n ti pe àwọn ọmọ wá ṣe fàájì ọdún. Láti ìdájí ni èrò ti ń ya dé ẹnu géètì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Àbújá àti ní Òkìjà ní ìpínlẹ̀ Anambra, èèyàn tún kú níbi tí wọ́n ti lọ gba ìrẹsì. N kò gbàgbé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá tó bá jí ọmọ lójú oorun kílẹ̀ tó mọ́ torí ẹ̀bùn, ebi ló jí òun fúnra rẹ̀. Ẹ má pe àwọn tí ebi ń pa jọ sẹ́nu géètì kan ṣoṣo. Ẹ gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n lọ. Baálẹ̀, ìyá ìjọ àti ìmáàmù àdúgbò mọ ojúlé tí ààrò ti tutù. Ẹ fi lé wọn lọ́wọ́, kí àwọn èwe gbé e kiri lálẹ́. Kò ní sí fọ́tò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kí wọ́n tó kírun Yídì ìtúnu ààwẹ̀ ni sàká oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ kúrò nílé, kí aláìní lè rí jẹ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò fẹ́ gbèsè lọ́dún tó ń bọ̀, kó tètè dá àjọ oúnjẹ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, lọ́dọ̀ alájọ tí òun mọ ilé rẹ̀, tí òun sì mọ ará ilé rẹ̀, torí àwọn tó ń kó àjọ sá lọ wà. Bí ìpín bá dé lóṣù Ọ̀pẹ, kò sí ẹni tí yóò dógò tì í.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó tún ra nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kanlẹ̀kùn ilé kejì, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dáná. Bí wọn kò bá tíì dáná, ẹ bu tiwọn kí ẹ tó bu tiyín.